Oúnjẹ Ìyá àti Ọmọkùnrin

Bí a bá bi mí pé níbo ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé oúnjẹ ni í sọ ọmọ di akọ tàbí abo, èmi yóò dáhùn pé kì í ṣe inú ìwé ni. Ládìpọ̀ ni, ní Múṣin, nínú ilé tí a bí mi sí, nítòsí ọjà tí a ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Obìnrin kan ń gbé yàrá kejì sí tiwa, Àǹtí ni mo ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ọmọ mẹ́ta ni ó ti bí, obìnrin sì ni gbogbo wọn. Ni àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ bá ka èèwọ̀ fún un: kí ó máa jẹ ẹran, iyọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó má fẹnu kan ẹ̀fọ́, ẹ̀wà tàbí wàrà títí yóò fi lóyún. Oṣù mẹ́fà ni Àǹtí fi pa á mọ́. Ó rù, òòyì ń kọ́ ọ, síbẹ̀ kò dẹ́kun. Nígbà tí ó bímọ, obìnrin ni. Àwọn ará ilé ní dandan ni kí ó ti jẹ ẹ̀wà ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, òun ni ó sì mú mi wá ìtàn ìgbàgbọ́ náà kiri.

Ó ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, àwọn Gíríìkì kọ ìwé kan nípa ìlànà oúnjẹ, èyí tí ó wà lára àwọn ìwé tí a ń pe mọ́ Hippocrates, àgbà oníṣègùn wọn. Ìwé náà ní ti iná ni ọkùnrin, ti omi ni obìnrin. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọmọkùnrin, kí ó jẹ oúnjẹ gbígbẹ tí ó gbóná. Ẹni tí ó bá fẹ́ obìnrin, kí ó jẹ èyí tí ó tutù tí ó sì lómi. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọkọ ni ìwé náà kọ́kọ́ pàṣẹ fún, kí ó tó wí pé kí aya náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Gíríìkì ṣìnà, ṣùgbọ́n tọkọtaya ni wọ́n ka èèwọ̀ fún. Ní ilé wa, ọkọ Àǹtí ń jẹ ẹ̀wà tirẹ̀ ní àjẹyó.

Ọdún 1905 ni ilẹ̀ mọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Nettie Stevens, ń yẹ àtọ̀ kòkòrò inú ìyẹ̀fun wò, ó sì rí i pé oríṣi méjì ni: ọ̀kan ń bí abo, èkejì ń bí akọ. Edmund Wilson náà rí irú rẹ̀ lọ́dún kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára ènìyàn. X nìkan ni ẹyin ìyá ń gbé. Àtọ̀ baba ni ó ń mú X tàbí Y wá. X pẹ̀lú X, obìnrin. X pẹ̀lú Y, ọkùnrin.

Síbẹ̀ ìgbàgbọ́ náà kò kú. Ní 2008, Fiona Mathews ti Yunifásítì Exeter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi aboyún 740 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó lóyún. Nínú àwọn tí ó jẹun kánú jù, 56 nínú 100 bí ọkùnrin. Nínú àwọn tí ó jẹun kéré jù, 45. Ní 2009, Stanley Young àti àwọn mìíràn dá wọn lóhùn pé èèṣì lásán lè bí irú èsì bẹ́ẹ̀, nítorí oúnjẹ tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó ju òkò ọgọ́rùn-ún sínú igbó, ọ̀kan lè ba ẹyẹ. Kódà bí ó bá jẹ́ òótọ́, 44 nínú 100 àwọn alájẹyó ṣì bí obìnrin. Àjẹyó ni ìwádìí náà sì ń yìn, kì í ṣe èèwọ̀ tí ó sọ Àǹtí di egungun.

Àwa náà ní tiwa nílé. Ní Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá, ìwádìí P. P. S. Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé nǹkan bí 45 nínú 1,000 ìbímọ ni ó jẹ́ ìbejì. Àwọn ará ìlú ní àmàlà àti ọbẹ̀ ewé ilá ni. Ìmọ̀ ìṣègùn kò tíì rí ẹ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, oúnjẹ di ìyìn fún ìyá. Lọ́dọ̀ wa ní Ládìpọ̀, ó di ẹ̀sùn.

N kò wí pé oúnjẹ kí a tó lóyún jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ní 1991, ìwádìí Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé èròjà tí a ń pè ní folic acid, bí obìnrin bá ń lò ó kí ó tó lóyún, ń dín àbùkù ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ kù gidigidi. Inú oúnjẹ wo ni irú èròjà yìí ti pọ̀? Inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà! Ohun tí ó lè dáàbò bo ọmọ gan-an ni a gbà lẹ́nu Àǹtí.

Mo lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi ẹfun kọ X àti Y sí ilẹ̀. Mo ní, “Bọ̀dá, ọjà tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù yín, ṣé oníbàárà lè bínú pé ẹ kò tà á fún òun?” Ó ní rárá. Mo ní, “Y kò sí lọ́dọ̀ Àǹtí.” Ó wo ilẹ̀ títí. Ó ní, “Èmi ni mo wà nídìí ọjà náà nígbà náà.”

Èdè tí mo ń kọ́ kò ya ọmọ sọ́tọ̀: ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, tọkùnrin tobìnrin ni. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò di ọkọ tàbí ìyá ọkọ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a fi àwo ẹ̀fọ́ obìnrin sílẹ̀ fún un.