Àrùn dìgbòlugi: Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko àti ará ìlú gbọ́dọ̀ jọ ṣe

Ní ìlú Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ajá ló ń ṣọ́ ilé, òun náà ló sì ń bá ọdẹ wọ igbó. Ọ̀pọ̀ wọn ni a kì í so mọ́lẹ̀. Wọ́n ń rìn káàkiri àdúgbò, àwọn ọmọdé sì ń bá wọn ṣeré. Ìbágbé yìí dára, ṣùgbọ́n ewu ńlá kan wà nínú rẹ̀, èyí ni dìgbòlugi.

Kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú itọ́ ajá tó lárùn ló ń fa àìsàn yìí. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá bu ènìyàn jẹ, kòkòrò náà yóò máa yọ́ rìn lọ sínú ọpọlọ. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù díẹ̀ kí àmì tó hàn, ṣùgbọ́n bó bá ti hàn, ekukáká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún. Nínú 100 ènìyàn tó kó o, 99 ló kó o lára ajá; àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 sì pọ̀ nínú wọn.

Ìwó kò jìnnà sí Ìbàdàn, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìṣègùn ẹranko láti ọdún 1963. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, tó jẹ́ ọjọ́ tí Louis Pasteur, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ní 1885, kú, ni wọ́n fi ń ṣe àyájọ́ àrùn yìí lágbàáyé. Lásìkò náà, àwọn dókítà ẹranko àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Nàìjíríà máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì máa ń la àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́yẹ̀.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò lè dá a ṣe. Ó mọ abẹ́rẹ́, kò mọ ẹni tó ni ajá tó ń rìn kiri. Ará àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, ọmọ ilé ló sì lè di ajá mú. Bí a kò bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọba, àwọn baálẹ̀, olórí ọdẹ àti àwọn tó ń ta ajá fún àwọn ológùn-ún, ajá díẹ̀ ni yóò jáde. Bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, 70 nínú 100 ajá ló gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ kí àrùn náà tó lè dáwọ́ dúró. Àwọn kan sì gbà pé irun ajá tó buni jẹ tàbí epo pupa ni oògùn ojú egbò. Ẹ̀fẹ̀ kò lè mú irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò. Àlàyé pẹ̀lẹ́ ní èdè ìlú ló lè ṣe é.

Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ní ajá gbọ́dọ̀ fún un ní abẹ́rẹ́ láti oṣù mẹ́ta, kó sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún.

Orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé dìgbòlugi ajá kò pa ènìyàn níbẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣeé ṣe níbẹ̀ ṣeé ṣe ní Ìwó náà.