Rírọ̀ Nínú Òtútù: Àyẹ̀wò Purotéènì Àwọn Ẹ̀dá Onísẹ́ẹ̀lì Kan ní Ìpẹ̀kun Ayé

Púpọ̀ nínú ẹja titus àti ṣáwá tí wọ́n ń tà nílé yìnyín ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, èyí tí a ń pè ní òkú Èkó, inú òkun tútù apá àríwá ayé ni wọ́n ti pa wọ́n. Ẹja náà kì í dá wá. Bakitéríà bíi Photobacterium, Shewanella àti Pseudomonas a máa wà lára awọ rẹ̀ àti nínú ìfun rẹ̀. Bí fíríìsà bá wà ní −18°C, wọn ò lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ múṣẹ́ ṣe. Ní 2°C tàbí 5°C, nígbà tí ara kòkòrò àìfojúrí tó ti ọwọ́ wa tàbí ara eṣinṣin wá kò tíì yá, àwọn wọ̀nyí ti ń jẹ ara ẹja lọ, òórùn tí ìyá ẹlẹ́ja fi ń mọ̀ pé ọjà fẹ́ bà jẹ́ sì ti ń jáde. Kí ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì wọn tí kò sí nínú tiwa? Àpilẹ̀kọ yìí ń yẹ ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí lórí ìbéèrè náà wò, pàápàá lórí àwọn ẹ̀dá Antarctica, níbi tí omi òkun kì í dì àfi tó bá tutù dé nǹkan bí −1.9°C.

Purotéènì jẹ́ ẹ̀wọ̀n ámínò ásíìdì tó ká mọ́ra ní ìrísí kan pàtó. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá nínú sẹ́ẹ̀lì, kò lè dúró gbọin kó sì ṣiṣẹ́: ó ní láti máa mì, kó máa ṣí, kó máa pa dé mọ́ ohun tó ń gé tàbí tó ń so pọ̀. Ooru ló ń fún un lágbára láti mì. Bí ooru bá lọ, ẹ́ńsáìmù a le bí iyán àná. Láti 37°C sí 0°C, iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ara ẹran ilẹ̀ gbígbóná lè dín kù sí ìdá kan nínú 20, tàbí sí ìdá kan nínú 80 pàápàá. Ẹ́ńsáìmù náà kò bà jẹ́, iṣẹ́ ló falẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ṣe, ìfàsẹ́yìn tó tó bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ikú.

Ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ Georges Feller àti Charles Gerday ní Yunifásítì Liège, orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Amylase ni wọ́n yẹ̀ wò, ẹ́ńsáìmù tó ń gé sítáàṣì sí ṣúgà. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀kọ tútù, tó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́ kó tó gbé e mì, á rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí dùn díẹ̀díẹ̀: iṣẹ́ amylase inú itọ́ nìyẹn. Bakitéríà kan láti inú òkun Antarctica, Pseudoalteromonas haloplanktis, ní amylase tó jọ ti ọ̀pọ̀ ẹran. Ó jọ èyí tí ẹlẹ́dẹ̀ fi ń da oúnjẹ, àwọn méjèèjì sì nílò èròjà chloride kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí àwòrán ìrísí rẹ̀ jáde lọ́dún 1998, wọ́n rí i pé àwọn ámínò ásíìdì 24 tó yí ojú iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà ká rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo kò yàtọ̀.

Síbẹ̀, ní 10°C, ti Antarctica ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti ẹlẹ́dẹ̀, ó sì lé ní ìlọ́po 20 ti Bacillus amyloliquefaciens, bakitéríà tí amylase rẹ̀ fara da ooru. Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà? Ibi tó jìnnà sí ojú iṣẹ́ ni. Ohun tó so àwọn apá ẹ̀wọ̀n pọ̀ dín kù: ámínò ásíìdì arginine tó máa ń di ẹ̀wọ̀n mú kò pọ̀, proline tó máa ń mú kí ẹ̀wọ̀n le níbi ìkọ́ rẹ̀ dín kù, àárín purotéènì náà kò sì há mọ́ra tó ti àwọn yòókù. Nítorí náà gbogbo ara rẹ̀ rọ̀, ojú iṣẹ́ sì rí àyè mì pẹ̀lú ooru kékeré.

Ṣùgbọ́n rírọ̀ yìí ní ohun tó ná an. Amylase Antarctica máa ń tú ká ní nǹkan bí 44°C, ti ẹlẹ́dẹ̀ ní nǹkan bí 66°C, ti Bacillus yẹn ní nǹkan bí 86°C. Kódà ojú iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ̀ṣẹ́ kí ara rẹ̀ yòókù tó tú. Ẹ wo òkìtì kòkó ní oko tó wà lágbègbè Oǹdó tàbí Ìdànrè. Bí àgbẹ̀ bá fọ́ kòkó, tó kó o jọ, tó sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ìwúkàrà ni yóò kọ́kọ́ sọ omi ṣúgà ara rẹ̀ di ọtí. Lẹ́yìn náà ni Acetobacter á sọ ọtí di kíkan. Iṣẹ́ yìí ń mú ooru jáde tó bẹ́ẹ̀ tí àárín òkìtì fi máa ń gbóná dé 45 sí 50°C, tí ọmọ inú hóró kòkó sì máa ń kú. Ẹ́ńsáìmù tó ń sáré nínú omi yìnyín kò ní rí ìrísí rẹ̀ mú dání nínú òkìtì náà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ti Acetobacter ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn ọgbọ́n mìíràn wà tí ó yẹ ká mẹ́nu bà. Bí wọ́n bá gbé bakitéríà E. coli láti 37°C sí 10°C, purotéènì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CspA máa ń pọ̀ lójijì. Ẹgbẹ́ Masayori Inouye ló kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1990. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí RNA lọ́ mọ́ra nínú òtútù. Euplotes focardii, ẹ̀dá onírun wẹ́wẹ́ kan láti Antarctica, ní tubulin, purotéènì tó di òpó inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń dúró digbí nínú òtútù tí ti ẹran á fi wó.

Àwọn purotéènì tó ń di yìnyín mú tún wà. Inú ihò wẹ́wẹ́ tó kún fún omi iyọ̀ nínú yìnyín orí òkun ni Fragilariopsis cylindrus ń gbé, ewédò onísẹ́ẹ̀lì kan ni. Purotéènì tó ń tú síta kì í jẹ́ kí yìnyín kéékèèké dàpọ̀ di ńlá tó lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ti bakitéríà Marinomonas primoryensis yàtọ̀ sí èyí: purotéènì rẹ̀ gùn rékọjá, ó fi ìdí kan so mọ́ sẹ́ẹ̀lì, ó sì fi orí kejì gbá yìnyín mú, kí bakitéríà náà lè wà lókè níbi tí atẹ́gùn àti oúnjẹ wà.

Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń kọ ọ́ bí òfin pé purotéènì kò lè yára nínú òtútù kó sì tún le nínú ooru. Lọ́dún 2000, ẹgbẹ́ Frances Arnold ní Kalifọ́níà mú ẹ́ńsáìmù S41 láti ara Bacillus kan ní Antarctica, wọ́n yí i padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń yan èyí tó dára jù. Ohun tí wọ́n rí fara da ooru ju ti ìṣáájú lọ, iṣẹ́ rẹ̀ nínú òtútù kò sì dín kù. Lójú tèmi, èyí fi hàn pé apá kan nínú àìlera purotéènì òkun tútù wá nítorí pé ooru kò dé ibẹ̀ láti ṣà wọ́n. Bí ohun kan kò bá wúlò mọ́, ìyípadà inú jíìnì á máa jẹ ẹ́ run láìsí ìdíwọ́.

Ìyẹn ló mú kí n gbà pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi FUTA ní Àkúrẹ́ àti UNIMED ní Oǹdó lè kópa nínú ìbéèrè yìí láìdé Antarctica. Bacillus inú irú àti ti òkìtì kòkó kò jìnnà sí wọn, bakitéríà ara òkú Èkó sì wà ní ọjà. Ìdánwò amylase kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá: sítáàṣì, àyódíìnì, fíríìjì tó wà ní 5°C, àti omi gbígbóná tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ kò yí padà ní 30°C àti 45°C. Sítáàṣì máa ń dúdú bíi aró bí àyódíìnì bá kàn án. Bí ẹ́ńsáìmù bá ti gé e tán, àwọ̀ náà kì í jáde mọ́. Kí wọ́n dán oríṣi bakitéríà méjèèjì wò lábẹ́ ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì kọ àkókò tí àwọ̀ fi parẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.