Láti Owó Gbà-má-bínú dé Àdéhùn: Ojúṣe Awakùsà sí Onílẹ̀ nínú Ìtàn Nàìjíríà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àyẹ̀wò ohun tí ilé-iṣẹ́ awakùsà jẹ ìlú tí ó ti ń walẹ̀. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọrẹ ni ilé-ìwé tàbí omi-ẹ̀rọ tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pèsè. Ìtàn kò gbe èrò yìí lẹ́yìn.

Nínú àṣà Yorùbá, àlejò tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó tí a fi ra ilẹ̀. Ẹ̀rí ni pé àlejò mọ ẹni tí ó ni ín.

Ìjọba amúnisìn yí ètò yìí po. Nígbà tí wọ́n gba àṣẹ ìṣàkóso lọ́wọ́ Royal Niger Company ní 1900, wọ́n ṣèlérí fún un pé fún ọdún 99 ni yóò máa gba ìdajì owó tí ìjọba bá ń gbà lórí kùsà ní agbègbè ńlá kan, èyí tí òkè Jos, orírun tíìnì, wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àti ìjọba ni ó wá ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Owó gbà-má-bínú lórí irè oko tí ó bàjẹ́ ni ó kan àgbẹ̀. Òfin 1946 sì fi gbogbo àlùmọ́ọ́nì sí ìkáwọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ ni ó jogún rẹ̀.

Òfin Àlùmọ́ọ́nì àti Ìwakùsà ti 2007 ni ó mú ìyípadà wá. Abala 116 pàṣẹ pé kí awakùsà tàbí afọ́kùúta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe àdéhùn lórí iṣẹ́, ẹ̀kọ́, ìlera, ọ̀nà àti omi. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni a ó máa tún un yẹ̀ wò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbàṣẹ láti fọ́ òkúta ní Ìlúpéjú-Èkìtì, tàbí láti wa kùsà ní Ìjerò, gbèsè ni ohun tí àdéhùn bá là sílẹ̀, kì í ṣe ọrẹ.

Síbẹ̀, bí ìlú àti awakùsà kò bá fẹnu kò, mínísítà ni òfin ní kí ó parí ọ̀rọ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ni ó ṣì ni àlùmọ́ọ́nì. Ìlú ti di olùbuwọ́lùwé, ṣùgbọ́n kò tíì padà di onílẹ̀.

Ní ìkádìí, èrò wa ni pé agbára àdéhùn wà lọ́wọ́ ìlú tí ó bá mọ ohun tí ó buwọ́ lù, tí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dúpẹ́ ọrẹ kì í béèrè gbèsè.