Ìjíròrò ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré

Ìjíròrò ìtàn jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbé èrò wọn yẹ̀wò láàárín ara wọn kí olùkọ́ tó ṣàlàyé. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ èrò náà sílẹ̀, onítìjú pàápàá a rí nǹkan sọ. Ní àdúgbò bí Adéwọlé ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá àti Álímì gba ìṣọ́ra, nítorí ìtàn tí ọmọ gbọ́ nílé lè tako ti ẹni tí wọ́n jọ jókòó. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ṣọ̀tẹ̀ sí Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Abdulsalami ọmọ Álímì di Ẹ́mírì àkọ́kọ́. Ẹ̀tọ́ ta ni ìlú? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Síbẹ̀, àtúnṣe ètò-ẹ̀kọ́ ọdún 2007 yọ Ìtàn kúrò ní ipele yìí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ó padà.