Ogun Pa Á, Ogun Kó O: Àdánù Ogun Nínú Ìrántí Ẹbí, láti Obbo-Aiyegunle

A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹgbẹ́ wa pé níbi tí kò bá sí àkọsílẹ̀, ìrántí ogun kì í kọjá ìran kẹta. Ẹ̀rí wọn ni pé láti Obbo-Aiyegunle dé Osi àti Iloffa, ẹnu kì í sábà yá ẹbí láti sọ̀rọ̀ àwọn tí ogun Tápà àti ti Ìlọrin kó lọ. Wọ́n ní ìdákẹ́ yẹn ni ìgbàgbé. A kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìrántí jẹ́ kò ṣàjèjì sí òǹkàwé wa. Èyí tí ó yẹ kí a dúró lé ni gbólóhùn méjì tí àgbà kì í fi dípò ara wọn: ogun pa á; ogun kó o.

Ẹni tí ogun pa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Bí a kò tilẹ̀ rí i gbé wálé, a lè ṣòkú rẹ̀, kí a pín ogún rẹ̀, kí opó rẹ̀ bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, kí a sì sọ ọmọ tuntun ní Babátúndé. Ẹni tí ogun kó ńkọ́? Ó lè máa roko olówó ní Bídà. Wọ́n sì lè ti tà á sókè òkun. Ta ni yóò ṣòkú alààyè? Ta ni yóò pe ọmọ ní Yétúndé nígbà tí ìyá lè wà láyé? Ẹni tí ó bá ṣe é ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ará ilé rẹ̀. Ẹbí tí ó dákẹ́ ń retí ni. Ìretí náà kò sì jẹ́ ti òmùgọ̀: nígbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà àti Ìlọrin ní 1897, ọ̀pọ̀ ẹrú sá padà sílé.

Ẹbí Àjàyí Crowther rí méjèèjì. Ní 1821, ogun kó Àjàyí ní Ọ̀ṣoogùn. Bàbá rẹ̀ sì bógun lọ. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, ó ti lè sọ pé bàbá òun ti kú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò ní irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ tirẹ̀, títí wọ́n fi fojú kanra ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25.

Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé àkọsílẹ̀, kí ó wo ogun Bọ́mà. Ní itẹ́ òkú ológun Taukkyan ní Bọ́mà, wọ́n kọ orúkọ bí 27,000 ọmọ ogun tí a kò mọ sàréè wọn sára òkúta, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn. Ológun tí ó ní ìwé gan-an ní láti ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí a kò rí sin. Isaac Fadoyebo, ọmọ ogun láti Ẹ̀múrẹ̀-Ilé, ì bá di ọ̀kan nínú wọn. Ó fara gbọgbẹ́ ní 1944, ẹbí Mùsùlùmí kan sì fi í pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ olóore náà. Gbèsè ọpẹ́ yẹn ti di ogún fún ìran méjì.

Àwọn akẹgbẹ́ wa tún ní orúkọ bí Aiyegunle, ayé gúnlẹ̀, fi hàn pé àwọn ènìyàn ti kẹ̀yìn sí ogun. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ń rìn, bí ọkọ̀ lórí omi, ni í gúnlẹ̀. Ẹni tí ó ń pe orúkọ náà ń rántí ìrìn àjò.

A kò ní sọ pé gbogbo ìdákẹ́ ni ìretí. Ó lè jẹ́ pé àwọn ẹbí kan gbàgbé lóòótọ́. Síbẹ̀, a kò tíì rí ìdí tí a ó fi pe ẹni tí kò ṣòkú ní ẹni tí kò ṣọ̀fọ̀.

Orúkọ ènìyàn ló wá kàn nínú ìwádìí wa. Nínú rẹ́jísítà ilé ìwé, níbi tí wọn kì í fi àmì ohùn sí i, ogun, ogún àti Ògún ti di ọ̀kan. Ọmọ tí a bí nígbà ogun àti ọmọ tí a bí sí ilé alágbẹ̀dẹ ń jẹ́ orúkọ kan náà lórí ìwé. Ẹnu àwọn ìyá àgbà nìkan ni ìyàtọ̀ náà ṣì wà. Ibẹ̀ ni a ń lọ, kí wọ́n tó lọ.