Ibi Tí Akọ̀tàn-Àròsọ Yorùbá Ti Rí Ìmọ̀ràn

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìlù yóò tọ àyàn lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìjálá yóò máa gbé àpò tẹ̀lé ọdẹ. Ọ̀dọ̀ ta ni ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn-àròsọ yóò lọ? Ìbéèrè yìí kò rọrùn fún àwọn tí ó kọ́kọ́ fi èdè Yorùbá ṣe irú iṣẹ́ náà. Àlọ́ wà nílẹ̀, oríkì wà, ẹsẹ Ifá wà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ fún ẹni tí ó mú kálàmù lọ́wọ́ bí yóò ti sin ẹ̀dá-ìtàn kan láti orí kìíní ìwé dé orí tí ó gbẹ̀yìn, tí òǹkàwé kò fi ní sùn lọ́nà. Síbẹ̀ wọ́n rí ìmọ̀ràn gbà. Ibi tí wọ́n ti rí i ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í wò, àwọn mìíràn sì wà tí ó gba ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò fún wọn.

Ní oṣù Keje ọdún 1929, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé-ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde. Obìnrin náà ní òun ti fi ẹwà òun tan àwọn ọkùnrin Èkó jẹ títí, pé àìsàn ti wá dá òun gúnlẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Kò sí Sẹ̀gilọlá níbì kan. Thomas ni ó fi kálàmù bí i. Ṣùgbọ́n kí àwọn lẹ́tà náà tó dópin ní oṣù Kẹta ọdún 1930, àwọn òǹkàwé ti ń kọ̀wé sí olóòtú: àwọn kan ń káàánú rẹ̀, àwọn kan ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má dákẹ́, àní àwọn kan fi owó ránṣẹ́ sí i. Ọdún 1930 yìí kan náà ni ìtàn náà di ìwé.

Ohun tí ó mú kí wọ́n gbà á gbọ́ yẹ ní wíwò dáadáa. Sẹ̀gilọlá a máa dárúkọ àdúgbò Èkó, a sì máa kọ orin tí àwọn ará Èkó ń kọ nígbà èwe rẹ̀. Bí ó bá wá kan orúkọ àwọn ọkùnrin tí ó bá lò, a fi wọ́n pamọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ tú àṣírí ọmọlúwàbí síta. Ẹni tí ó bá ti mọ orin náà tí ó sì mọ àdúgbò náà kò ní bèèrè mọ́ bóyá obìnrin náà wà. Òtítọ́ kékeré ni ó gbé irọ́ ńlá dúró. Thomas kò rí olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní èyí, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kò ní: bí ó ti ń tẹ apá kan ni àwọn òǹkàwé ń sọ èrò wọn lórí rẹ̀, nígbà tí apá tí ó kù kò tí ì jáde. E. A. Akíntàn náà gba ọ̀nà ìwé-ìròyìn nínú Elétí Ọfẹ pẹ̀lú ìtàn ọmọ òrukàn tí ó pè ní Ìgbẹ̀hìn Á Dùn, tí ó di ìwé ní 1931.

D. O. Fágúnwà, tí a bí ní Òkè-Igbó ní 1903, kò ní ìwé-ìròyìn. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́. Ìtàn ọdẹ ni ó gbọ́ dàgbà, ìwàásù ni ó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn onímọ̀ sì ti tọ́ka sí àmì ìwé Bunyan lára iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí David Hinderer ti túmọ̀ sí Yorùbá láti 1866 ní Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ó fi ìtàn náà wé ìlù àgídìgbo ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ òǹkàwé ní nǹkan méjì. Èkíní, nígbàkígbà tí ẹ̀dá-ìtàn bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sí ipò onítọ̀hún, kí ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Èkejì, kí ó fúnra rẹ̀ fa ọgbọ́n yọ nínú ìtàn náà.

Ìmọ̀ràn fún òǹkàwé ni èyí lójú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí i padà. Bí òǹkàwé yóò bá lè sọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá-ìtàn, a jẹ́ pé òǹkọ̀wé ti ní láti fún ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tirẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń ṣiyèméjì lè pe akẹ́kọ̀ọ́ méjì síwájú kíláàsì, kí ọ̀kan ṣe Olówó-Ayé, kí èkejì ṣe Èṣù-kékeré-òde nínú Igbó Olódùmarè (1949), kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì sọ síra wọn kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà. Kò ní pẹ́ tí kíláàsì yóò fi mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láìdárúkọ rẹ̀.

Fágúnwà fún òǹkọ̀wé ní ìmọ̀ràn lójúkojú lẹ́ẹ̀kan. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìtẹ̀wé Iléeṣẹ́ Ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, inú ìwé oṣooṣù tí ẹ̀ka náà ń tẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ni ó sì ti kọ̀wé lórí kíkọ ìtàn-àròsọ ní 1960. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Ó ṣe ni ní kàyéfì pé ọ̀gá nínú èdè Yorùbá fi èdè mìíràn sọ àṣírí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé bí ilẹ̀ bá ti rí, tí ìwà àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì rí, ni lítíréṣọ̀ wọn yóò rí. Ó ní àwọn Òyìnbó náà lo ẹ̀mí àìrí nígbà kan, bí Spenser àti Shakespeare ti ṣe, pé bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn tirẹ̀ bá ṣì gbà pé ẹ̀mí wà, kò sí ohun tí ó burú bí ẹ̀mí bá wọ inú ìtàn wọn.

Àlàyé ni èyí, kì í ṣe àṣẹ. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí òǹkọ̀wé wo ohun tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ mọ̀ tí wọ́n sì gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wo ohun tí Fágúnwà ṣe, wọn kò wo ìdí tí ó fi ṣe é. Ibú Olókun tí J. Ògúndélé kọ jáde ní 1956, Kórimálẹ̀ Nínú Igbó Àdìmúlà ti D. J. Fátànmí sì jáde ní 1967. Àwọn ìwé wọ̀nyí ní àǹfààní tiwọn, ṣùgbọ́n igbó, iwin àti ìrìn-àjò ni ó ṣeé yá lọ́wọ́ Fágúnwà. Ẹnu rẹ̀ kò ṣeé yá.

Àwọn tí ó gba ìmọ̀ràn náà ní ti gidi ni àwọn tí ó kúrò nínú igbó. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti oníṣẹ́ rédíò, lọ sí ayé àtijọ́ fún Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ní 1969. Ní ọdún yìí kan náà, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, jáde nínú Àjà Ló Lẹrù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti Òyìnbó yóò mọ ibi tí egungun ìwé náà ti wá, ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀ jẹ́ ti ilé: òwe, àpárá àti èébú tí ènìyàn lè gbọ́ ní ibùdókọ̀. Ní 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú, níbi tí Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ti ń wá aya. Kò sí iwin kankan níbẹ̀. Ohun tí ó ń da àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn láàmú nígbà náà ni ó wà níbẹ̀.

Ọdún 1974 yìí náà ni ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àwọn ìtàn-àròsọ Fágúnwà jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn olùdánwò ti lè tú ìtàn palẹ̀ dáadáa: àhunpọ̀, ìfìwàwẹ̀dá, ibùdó, ìlò-èdè. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ìtàn tí a ti kọ tán ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń wọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá há wọn sórí tí ó sì jókòó láti kọ ìtàn tirẹ̀ yóò rí i pé wọn kò sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ fún òun. Yóò ṣe é ní àǹfààní bí ó bá rí ìwé tí Karin Barber tẹ̀ jáde ní 2012, níbi tí ìtàn Sẹ̀gilọlá àti lẹ́tà àwọn òǹkàwé rẹ̀ ti wà pọ̀.

Fágúnwà fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ní 1961, ọdún kan péré lẹ́yìn ìmọ̀ràn rẹ̀, ó gbé Àdììtú Olódùmarè jáde. Igbó ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣì ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìgbé-ayé ìlú wà níbẹ̀, àti lẹ́tà ìfẹ́ tí Àdììtú àti Iyùnadé ń kọ síra wọn. Ikú pa á ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Nígbà tí Kórimálẹ̀ wọ igbó ní 1967, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kúrò níbẹ̀.