Kí Olékú Tó Di Aṣọ

Ẹ bi ọ̀pọ̀ ọmọge òde òní léèrè ohun tó ń jẹ́ olékú, aṣọ ni wọn á sọ: bùbá àti ìró kúkúrú tó mọ ní orúnkún. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ló kọ́kọ́ jẹ́.

Ọdún 1974 ni Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ jáde: ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì n'Íbàdàn, tí ìfẹ́ Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé kó sí ìyọnu. Ní 1997, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù.

Àwa tí a ti ka ìwé náà ṣáájú kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Kálukú wa ló ní Àjàní tiẹ̀ lọ́kàn; Yẹmí Ṣódìmú wá gba gbogbo wọn lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n fíìmù náà jẹ́ ká fojú rí aṣọ tí àwọn ìyá wa wọ̀ nígbà èwe wọn. Kò pẹ́ tí aṣọ ọ̀hún fi padà sóde, tí àwọn télọ̀ sì ń fi orúkọ fíìmù pè é.

Ọ̀rọ̀ ìpayà ti wá di orúkọ aṣọ òde. Ìṣọ̀lá kú ní 2018. Ìwé ẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó bá ti rán olékú, kó jọ̀ọ́ kà á.